Ẹṣin mi ń sanra àmọ́ kò lókun láti gun òkè, kí ni kí n máa fún un jẹ?

Ẹlẹ́ṣinAdó:
Ẹ̀yin ará mi, Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan ni mo ní, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti sin ẹṣin pẹ́ wà níbí. Mo ní akọ ẹṣin kan tí mo máa ń gbé jáde fún ìgbéyàwó àti ìwúyè. Adó ni mo wà àmọ́ wọ́n máa ń pè mí dé Ìdó, Ìjerò, Ìkọ̀lé, nígbà míì wọ́n á pè mí dé Ẹ̀fọ̀n. Òkè Ọya ni wọ́n ti kó o wá, Ìlọrin ni mo ti rà á. Ẹṣin yìí níwà gan-an, ìlù kì í bà á lẹ́rù, ọmọdé lè di gọ̀gọ̀ ẹ̀ mú kò ní bínú. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé ara ẹ̀ ń kún ṣáá, ọrùn ẹ̀ ti nípọn, egungun ìhà ẹ̀ ò hàn rárá, àmọ́ tó bá ti di pé ká gun òkè báyìí, kí a tó dé ìdajì ọ̀nà ó ti rẹ̀ ẹ́, á dúró, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí ìyàwó bá wà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gbogbo èèyàn á wá máa wò wá. Lójú títì tó tẹ́jú kò sí wàhálà kankan.

Oúnjẹ ẹ̀ ni koríko tútù tí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń gé wá láràárọ̀, èésún ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó tún ń jẹ dúsà, ìyẹn èèrí ọkà, láàárọ̀ àti lálẹ́, tí iṣẹ́ bá wà lọ́la mo máa ń fi àgbàdo kún un. Ẹnì kan ní kí n sọ àgbàdo yẹn di ojoojúmọ́ torí agbára wà nínú àgbàdo, ẹlòmíì ní tí mo bá dán an wò á sanra ju bó ṣe wà yìí lọ. Àwọn òyìnbó tí mò ń wò lórí YouTube ń sọ oats, alfalfa, beet pulp, èwo nínú ìyẹn ni mo fẹ́ rí rà l'Ọ́jà Ọba? Oúnjẹ tó máa fún un lókun láìfi ọ̀rá kún un lára ni mò ń wá. Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ fún oṣù Kejìlá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Àgbẹ̀Ìkọ̀lé:
Ọ̀gá mi, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀. Adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ lèmi ń sìn o, àmọ́ mo rò pé fíìdì ni fíìdì. Ẹ lọ wá fíìdì àwọn adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran, ẹ máa po kóńgò kan mọ́ dúsà ẹ̀ lójúmọ́, pùrótéènì wà níbẹ̀, fítámì wà níbẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ iṣẹ́ ẹ bu gúlúkóòsì sínú omi ẹ̀ kó mu ún kẹ́ ẹ tó gbéra, ara ẹ̀ á jí.

DókítàẸran:
Ẹ̀gbọ́n Àgbẹ̀Ìkọ̀lé, ẹ má bínú pé mo fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ẹṣin, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní fíìdì adìyẹ o. Wọ́n máa ń po oògùn kan mọ́ ọ̀pọ̀ fíìdì adìyẹ kí àwọn adìyẹ má bàa máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, monensin lorúkọ ọ̀kan, salinomycin lorúkọ òmíràn. Adìyẹ á jẹ ẹ́ kò ní ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ ẹṣin ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Iṣan ọkàn ẹ̀ ló máa bà jẹ́, díẹ̀ báyìí tó láti pa á, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Kódà abọ́ tẹ́ ẹ bá fi bu fíìdì adìyẹ, ẹ má fi bu oúnjẹ ẹṣin.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti agbára tẹ́ ẹ̀ ń wá yìí. Inú oúnjẹ ni agbára ti ń wá, òun là ń pè ní kálórì, kò sì sí oúnjẹ kankan láyé yìí tó máa fún ẹṣin lágbára tí kò ní kálórì nínú. Kálórì tí ara ò bá rí lò ló ń di ọ̀rá. Ẹṣin yín ti sanra, ìyẹn ni pé èyí tó ń wọlé ti pọ̀ ju èyí tó ń lò lọ, torí náà agbára wà lára ẹ̀ nílẹ̀ yìí, kò kàn rí i lò ni. Tẹ́ ẹ bá da àgbàdo lé e ojoojúmọ́ ẹrù lẹ ń dì sí i, ọ̀rá yẹn náà ló sì máa gbé gun òkè pẹ̀lú ìyàwó. Ìbéèrè tó yẹ ká wá ìdáhùn sí ni pé kí ló dé tí kò rí agbára ẹ̀ lò.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ó lè jẹ́ ọjọ́ òde nìkan ló ń ṣiṣẹ́, tó kù ó ń dúró sójú kan. Iṣan àti ọkàn tí wọn ò lò kì í lágbára, ohun yòówù kó máa jẹ. Èkejì ni ẹ̀jẹ̀. Ẹṣin tó ti Òkè Ọya wá sí ilẹ̀ igbó tiwa yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Eṣinṣin tsetse tó wà létí odò àti inú igbó wa máa ń gbé kòkòrò kan sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, ibà á máa wá á máa lọ, ẹ̀jẹ̀ á máa tán díẹ̀díẹ̀, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ lè wú. Kòkòrò yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ l'Ékìtì láyé àtijọ́, òun náà ló sì máa ń bá ẹṣin àwọn jagunjagun tó bá wọ inú igbó fínra. Lóòótọ́ ó sábà máa ń mú kí ẹṣin rù, àmọ́ níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ẹṣin lè máa jẹ dáadáa kó sanra kó sì máa rẹ̀ ẹ́. Àrùn tí eégbọn ń gbé náà wà níbẹ̀. Ẹ má kàn lọ ra abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún màlúù lọ́jà o, ara ẹṣin kì í gba àwọn oògùn yẹn bíi ti màlúù, dókítà ló gbọ́dọ̀ wọn ìwọ̀n ẹ̀.

Gúlúkóòsì ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Ẹṣin tó sanra tí ọrùn ẹ̀ ti nípọn ò yẹ kó sún mọ́ ṣúgà rárá, torí pátákò ẹ̀ ni. Nǹkan tó wà nínú pátákò á wú, á gbóná, tó bá le kò ní lè tẹlẹ̀ mọ́, àwọn míì kì í sì padà bọ̀ sípò láéláé.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáhùn èyí fún mi: ṣé ó máa ń làágùn tó bá ṣiṣẹ́? Ìgbà wo ló jẹ oògùn aràn kẹ́yìn? Ẹ tún fi tẹ́ẹ̀pù àwọn télọ̀ wọn àyà ẹ̀ yíká, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú níbi tí okùn gàárì ń gbà, kẹ́ ẹ wọn gígùn ẹ̀ láti góńgó èjìká iwájú dé góńgó ìdí.

BàbáSábó:
Ọmọ mi, o kú ìfẹ́ ẹṣin. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni mo ti ń ti ibùso ẹṣin bọ̀, Ìlọrin ni mo ti kọ́ ọ kí n tó wá tẹ̀dó sí Sábó níbí. Gbogbo ohun tí Dókítà sọ, mo fọwọ́ sí i. Ẹṣin kì í ṣe ọ̀kadà tí o kàn máa rọ epo sí tí á sì gbéra.

Kó o tó ná owó kankan, lọ bá ẹṣin ẹ láàárọ̀ ọ̀la kí oòrùn tó mú. Fi àtẹ́lẹwọ́ rá a ní ìhà, má fi ojú nìkan wò ó o. Tó o bá ń rá a lọ tó ò ń mọ egungun kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ọwọ́ láìtẹ̀ ẹ́, tí ojú ò sì rí i, ó wà bó ṣe yẹ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé àfi kó o fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé kó o tó kan egungun, ọ̀rá ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ká ètè ẹ̀ sókè, wo ẹran ìdí eyín ẹ̀ níbi tí eyín ti hù jáde. Ó yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kó sì ní ọ̀rinrin. Fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó funfun, kó o tú u sílẹ̀, kó o tó ka ení èjì àwọ̀ ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ padà. Tó bá ń funfun bí mo ṣe ń sọ yìí láìtẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò sí lára ẹ̀ nìyẹn, má jẹ́ kó gbé ẹnikẹ́ni mọ́ títí dókítà á fi rí i.

Tún tú ìgbẹ́ ẹ̀ wò. Tí hóró ọkà bá ń jáde bó ṣe wọlé, tàbí tó ń jẹ koríko tó ń já bọ́ lẹ́nu ẹ̀ ní ìṣù ìṣù, eyín ẹ̀ ló ti mú, kí wọ́n bá a fi fáìlì rá a. Ẹṣin tí kò lè jẹnu, owó tó ò ń ná sórí oúnjẹ ẹ̀ ìgbẹ́ ló ń bá lọ.

Ti dúsà yẹn, èmi ò bá ẹ jà, gbogbo wa la lò ó dàgbà, àmọ́ dúsà pẹ̀lú èésún nìkan ò tó fún ẹṣin. Egungun ẹ̀ ò ní le. Mo ti rí ẹṣin tí iwájú orí ẹ̀ wú ní ìhà méjèèjì lókè imú, tó ń tiro lónìí lẹ́sẹ̀ yìí, lọ́la lẹ́sẹ̀ tọ̀hún, dúsà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ láti kékeré. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ ni kó o wá, èyí tí àwọn ará wa ń pè ní harawa, tàbí ewé ẹ̀wà. Ìkúnwọ́ díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́ tó, má fi kún ikùn ẹ̀ torí òun náà ń mú ẹran sanra. Dúsà tó bá kù tó ò ń fún un, bu omi wọ́n ọn kó rin, eruku ẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin, ẹṣin tó ń wúkọ́ kò lè gun òkè.

Ohun míì tí mo fẹ́ bi ẹ́, ṣé iyọ̀ lò ń fún un àbí kánún?

DókítàẸran:
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ẹ ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí ọ̀rọ̀ dúsà. Kí n kàn fi ìdí ẹ̀ kún un: fọ́sífọ́ọ̀sì ló pọ̀ nínú dúsà, kálísíọ̀mù ò tó níbẹ̀. Nǹkan kan sì tún wà nínú èésún tó ń di ìwọ̀nba kálísíọ̀mù tó wà mú kó má lè wọ ara ẹṣin. Tí méjèèjì bá pàdé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ara á máa fa kálísíọ̀mù nínú egungun. Torí náà kí ọmọ yẹn má gé èésún nìkan, kó máa da oríṣiríṣi koríko pọ̀.

Ẹlẹ́ṣinAdó:
Bàbá mi, Dókítà, ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹran ìdí eyín ẹ̀ pọ́n díẹ̀, kò funfun, àmọ́ kò rí bó ṣe rí lára ẹṣin ọ̀rẹ́ mi kan tí mo lọ fi wé. Ní ti egungun ìhà, mo tẹ ìka wọlé dáadáa kí n tó kàn án. Ó ń làágùn, kódà ó ń làágùn púpọ̀, tó bá gbẹ iyọ̀ á funfun sí i lára lábẹ́ gàárì. Kánún la máa ń fún un, òkúta kan wà nínú ibùso tó ń lá. Ti oògùn aràn, ìgbà tí mo rà á ló jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Òótọ́ ni ti iṣẹ́, tí kò bá sí òde ibùso ló wà, ọmọ yẹn kàn ń mú un rìn yí ilé ká ni. Àyà ẹ̀ yíká jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 160, gígùn ẹ̀ jẹ́ 150. Mo ti pe dókítà ẹran kan níbí kó wá gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́ kí èyí tó dé, báwo ni kí n ṣe oúnjẹ ẹ̀?

DókítàẸran:
Ẹ káre, ìwọ̀n yẹn wúlò. Ẹ sọ 160 di ìlọ́po 160, ẹ sọ èyí tó bá jáde di ìlọ́po 150, kẹ́ ẹ wá fi 11,880 pín in, á fún yín ní nǹkan bíi kílò 323. Ẹ máa wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, nọ́ńbà ò ní tàn yín jẹ bí ojú ṣe ń tan èèyàn jẹ.

Koríko ni kó jẹ́ gbogbo oúnjẹ ẹ̀ báyìí, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ tán. Ẹṣin tó sanra nílò nǹkan bíi kílò 1.5 koríko gbígbẹ fún ọgọ́rùn-ún kílò ara ẹ̀ lójúmọ́, fún tiyín á sún mọ́ kílò márùn-ún. Àmọ́ tútù lẹ̀ ń gé, omi ló pọ̀ jù nínú koríko tútù, torí náà kílò 20 sí 24 lẹ máa gé kó tó bá a dọ́gba. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí alẹ́ má ṣófo. Ikùn ẹṣin kéré, ásíìdì inú ẹ̀ kì í dáwọ́ dúró, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lófo fún ọ̀pọ̀ wákàtí egbò á yọ nínú ẹ̀. Ẹ má sì torí pé ó sanra kẹ́ ẹ wá fi ebi pa á, tí ẹṣin tó lọ́ràá bá dédé dáwọ́ oúnjẹ dúró, ọ̀rá lè ya bo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ìyẹn náà ń pa wọ́n.

Dúsà, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kó fi ku ìkúnwọ́ kan tẹ́ ẹ máa fi gbé iyọ̀ fún un. Àgbàdo, ẹ dá a dúró ná. Tó bá wá di ọjọ́ iwájú tí ara ẹ̀ ti fúyẹ́ tí iṣẹ́ sì pọ̀, èyí tó máa jẹ lẹ́ẹ̀kan ò gbọdọ̀ tó ìdajì kílò. Ìdí ẹ̀ ni pé sítáàṣì ló kún inú àgbàdo, tútù ẹ̀ tí wọn ò sè ò sì ń dà dáadáa nínú ìfun kékeré ẹṣin, á kọjá lọ sínú ìfun ńlá, á di ásíìdì níbẹ̀, inú rírun nìyẹn, pátákò gbígbóná nìyẹn. Ẹṣin ò sì lè bì o, ohun tó bá ti wọlé ti wọlé. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń fún un lálẹ́ tí iṣẹ́ bá ku ọ̀la gan-an ló léwu jù, torí ó ń bá ikùn ẹ̀ lójijì. Àwọn òyìnbó ń lo oats torí sítáàṣì inú ẹ̀ kéré sí ti àgbàdo, ó sì rọrùn láti dà, àmọ́ ẹṣin tiyín ò nílò òun náà nísinsìnyí.

Iyọ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lójú méjèèjì. Iyọ̀ funfun tó ń hàn lábẹ́ gàárì yẹn, ara ẹ̀ ló ti jáde. Ẹṣin tí iyọ̀ ti tán lára ẹ̀ kì í fẹ́ mu omi tó, iṣan ẹ̀ á máa rẹ̀ kíákíá. Kánún ní sódíọ̀mù lóòótọ́, àmọ́ kò ní kílóráìdì tó ń bá òógùn jáde, iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀ ló ní méjèèjì. Síbí ìjẹun méjì lójúmọ́ nínú ìkúnwọ́ dúsà tí omi ti rin, lọ́jọ́ tó bá làágùn gan-an ẹ fi ọ̀kan kún un. Omi ò gbọdọ̀ tán níwájú ẹ̀ o, tó bá ṣiṣẹ́ nínú ooru ó lè mu tó lítà 40 lóòjọ́.

ÌyáÌbejì_Ìdó:
Ẹ kú ùṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Tèmi yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n yìí, abo ẹṣin lèmi ní, kò sanra, egungun ẹ̀ ń hàn díẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ sì pọ̀ torí àwọn ọmọ ń gùn ún nínú ọgbà lópin ọ̀sẹ̀. Tí mo bá ti fún un ní ọkà bàbà báyìí ara ẹ̀ ò ní balẹ̀, á máa fò sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀rù á sì máa ba àwọn ìyá ọmọ. Tí mi ò bá fún un, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á ti rẹ̀ ẹ́. Kí lẹ rí sí i?

DókítàẸran:
Màmá Ìbejì, tiyín gan-an ni mo máa sọ̀rọ̀ òróró sí. Òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà, èyí tó bá mọ́ tí kò tíì kan. Kálórì tó wà nínú ọ̀rá lé ní ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú ọkà, ọ̀rá kì í sì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ga lójijì, ìdí nìyẹn tí ẹṣin tó ń jẹ ẹ́ fi máa ń ní okun láìya wèrè. Síbí ìjẹun méjì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ dúsà tí omi ti rin, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ fi díẹ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí ìgbẹ́ ẹ̀ bá ti ń rọ̀ tàbí tó ń dán fún òróró, ẹ padà sẹ́yìn. Fún ẹṣin kílò 300 ẹ má jẹ́ kó kọjá mìlílítà 300 lójúmọ́, ọ̀pọ̀ ẹṣin ò tiẹ̀ nílò tó ìdajì ìyẹn. Bí òróró bá ń wọlé, ẹ máa dín ọkà ẹ̀ kù. Kó sì máa rí koríko tútù jẹ torí fítámì E wà níbẹ̀, ẹṣin tó ń jẹ òróró nílò ẹ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹṣin tó ń hàn légungun náà, ẹ yẹ aràn ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, a kì í fi òróró bọ́ aràn. Ẹ̀yin Ẹlẹ́ṣinAdó, òróró yìí ò sí fún yín o, kálórì tó pọ̀ jù lẹ̀ ń sá fún.

BàbáSábó:
Ó ku ti iṣẹ́, torí oúnjẹ ọ̀hún ò lè ṣe é nìkan. Ọmọ mi, ojoojúmọ́ ni kó o máa mú un jáde yàtọ̀ sí ọjọ́ kan tó máa fi sinmi lọ́sẹ̀. Ìdájí ni o, kí oòrùn tó yọ, ẹṣin tó sanra ooru máa ń há sí i lára. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìrìn lásán ni, ìdajì wákàtí lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó máa rìn kánkán bí ẹni tó ń lọ síbì kan, kì í ṣe kó máa wọ́ ẹsẹ̀. Fi ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ kún un títí á fi di wákàtí kan. Nígbà tó bá ti ń rìn wákàtí kan tí kò mí hẹlẹhẹlẹ, ìgbà yẹn ni kó o wá bẹ̀rẹ̀ òkè, òkè kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, gùn ún, kó o sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ jọ fẹsẹ̀ rìn wálẹ̀. Ilẹ̀ Èkìtì tí ẹ̀ ń gbé yìí, òkè ò wọ́n wa, ìlú míì ń wá ibi tí wọ́n á ti kọ́ ẹṣin wọn wọn ò rí i.

Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń yá lára, fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ẹ̀ níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, kà á fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́ láàárọ̀ ó yẹ kó wà láàárín 28 sí 44. Tẹ́ ẹ bá ti òkè dé, jẹ́ kó dúró síbi òjìji fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó o tún kà á. Tó bá ti sún mọ́ 60 tàbí kó wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yẹn bá a mu, o lè fi kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá ṣì ń sáré lókè fíofío, o ti fi tipá mú un, padà sí èyí tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ibùso pé ẹṣin á sọ fún yín, ẹ̀yin lẹ ò dúró gbọ́.

Má sì jẹ́ kí ẹni tó wúwo jù ú gùn ún. Ẹṣin kílò 323, èèyàn àti gàárì pa pọ̀, tó bá ti kọjá kílò 65 ó ti ń di ìnira fún un, pàápàá lórí òkè. Tí olóyè bá sanra, sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ibi tó tẹ́jú ni wọ́n á ti gùn ún.

Ẹlẹ́ṣinAdó:
Bàbá, ẹ ṣeun, èyí tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yẹn á ràn mí lọ́wọ́ láti bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Dókítà wá lánàá. Ẹyin aràn pọ̀ nínú ìgbẹ́ ẹ̀, ó ti fún un lóògùn gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ẹ̀ ṣe rí. Ti ẹ̀jẹ̀ ò tíì jáde, ó ní láàbù á pè mí. Mo ti yọ òkúta kánún, mo ti gbé iyọ̀ síbẹ̀. Àwọn tó ní òde kan ní Ẹ̀fọ̀n, mo ti pè wọ́n pé kí wọ́n wá ẹṣin míì, mi ò ní gbé e gun òkè yẹn báyìí. Ohun tó kù tí mi ò mọ̀ ni bí mo ṣe máa ṣe tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀. Oṣù Kejìlá náà ni koríko máa ń gbẹ, igbó á máa jó kiri, kí ni màá máa gé?

BàbáSábó:
Ìsinsìnyí tí òjò ṣì ń rọ̀ ni kó o ti máa sá koríko pamọ́. Gé e kó tó so, nígbà tí ewé ẹ̀ ṣì pọ̀ ju igi ẹ̀ lọ, èyí tó bá ti so ti le, kò sí nǹkan nínú ẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí páànù tàbí sórí igi, má kó o jọ gègèlè torí inú ẹ̀ á gbóná, á hu funfun. Máa yí i padà lọ́sàn-án, tí òjò bá ṣú kó o wọlé. Tó o bá lọ́ ọ mọ́wọ́ tó ń dún ṣakaṣaka tí kò sì tíì di ìyẹ̀fun, ó ti tó kó, dì í kó o gbé e sókè kúrò nílẹ̀. Èyí tó bá ti hu funfun dàánù, má torí ọ̀dá fún un. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń hú ẹ̀pà, lọ bá wọn lóko tààrà, ọ̀pọ̀ wọn á ní kó o máa kó ewé ẹ̀ lọ, gbọn iyẹ̀pẹ̀ gbòǹgbò ẹ̀ nù dáadáa kó o tó sá a, iyẹ̀pẹ̀ ń rọ́ sínú ìfun ẹṣin, ó sì ń mú inú run ún. Tó o bá fẹ́, pè mí lórí Wásáàpù lópin ọ̀sẹ̀ yìí kí n mú ọmọ ẹ lọ sóko kan kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.